Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ́ńjìnì Wo Ló Yẹ Ojú Irin Wa?

ABALA ÌMỌ̀ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́
Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn yín ní SS2

Ẹ ti gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì àti àwa Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré fún ọjọ́ àfihàn ìparí sáà yìí. Ọkọ̀ àtijọ́, eléèédú, tó ń rú èéfín, ni gbogbo wa fẹ́. Ṣùgbọ́n pílàìwúùdù kan ṣoṣo la ní, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, owó tí a dá jọ náà ò sì pọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ la ó dìbò. Àwọn kan ní ká fi gbogbo owó náà ra ẹ́ńjìnì ńlá dídán kan láti òkèèrè. Àwọn kan ní ká ra ṣásí ẹ́ńjìnì kékeré àlòkù, ìyẹn férémù, ẹsẹ̀ àti mọ́tò iná tó ń yí i, ká wá fi ọwọ́ ara wa kọ́ ìyókù.

Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní ká kọ́ ọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ lásán o. Ẹ mú kakulétọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò ju èyí lọ: ẹwà kọ́ ló ń yan ọkọ̀. Ojú irin ló ń yan ẹ́ńjìnì, kọ́nà ló sì ń yan kọ́ọ̀ṣì.

1. OJÚ IRIN MÉJÌ LÓ WÀ LÁGBÈGBÈ WA

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i fún iṣẹ́ ní 1901. Ní 1912, wọ́n da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kano, ó di ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìbú ojú irin àtijọ́ yìí, láti irin ọ̀tún sí irin òsì, jẹ́ mìlímítà 1067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ojú irin kejì ni ti tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. Ìbú tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1435. Ẹ ò rí i pé wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Ẹ́ńjìnì eléèédú ilẹ̀ wa, orí ojú irin àtijọ́ ló ti ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

2. KÍ NI ÌWỌ̀N ÌDÍNKÙ?

Bí a bá fẹ́ sọ ohun ńlá di kékeré, iye kan náà la gbọ́dọ̀ fi pín gbogbo rẹ̀: gíga, gígùn àti ìbú. Iye yẹn ni mò ń pè ní ìwọ̀n ìdínkù. Bí a bá kọ 1:64, ó túmọ̀ sí pé mìlímítà 64 lára ọkọ̀ gidi di mìlímítà 1 lára tiwa.

Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Irin kan náà yìí lè dúró fún ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀:

Ní 1:87, ó dúró fún mìlímítà 1435. Ẹ fi 87 pín 1435, ẹ ó rí 16.49. Èyí bá ojú irin tuntun mu rẹ́gí.

Ní 1:76, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù, tí wọ́n ń pè ní OO, ó dúró fún nǹkan bíi mìlímítà 1257. Kò bá ti àtijọ́ wa mu, kò bá ti tuntun mu. Kódà kò bá tiwọn náà mu, torí 1435 ni ìbú ojú irin wọn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn ti mọ́ wọn lára ni.

Ní 1:64, ó dúró fún 1067. Ẹ fi 64 pín 1067, ẹ ó rí 16.67. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Ojú lásán ò lè rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí a bá ra ẹ́ńjìnì dídán láti òkèèrè, tí a sì kọ “Èkó sí Ìbàdàn, 1901” sára pátákó, irọ́ ni a ń pa fún àwọn JSS1 tó máa wá wò ó. Bí a bá lo 1:64, ojú irin olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà yẹn gan-an á di ojú irin àwọn bàbá wa.

Ẹ rántí pé èèyàn náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwọ̀n yìí. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.7 á di mìlímítà 26.6 ní 1:64, á sì di 19.5 ní 1:87. Bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sórí pèpéle ibùdókọ̀ kan náà, ọ̀kan á dà bí bàbá, èkejì á dà bí ọmọ rẹ̀.

3. ẸSẸ̀ MÉLÒÓ NI KÍ Ẹ́ŃJÌNÌ WA NÍ?

Ẹ́ńjìnì eléèédú tí ọ̀pọ̀ àgbà rántí ní ilẹ̀ wa ni àwọn tí wọ́n ń pè ní River class, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Orúkọ àwọn odò Nàìjíríà ni wọ́n fi sọ wọ́n. Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ṣe wọ́n. Ẹsẹ̀ kékeré méjì wà níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi wo àpẹẹrẹ wọn ṣe class 29 tiwọn.

Ó wù mí ká ṣe River class. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn lápá kọ̀ọ̀kan nínú férémù tí kò ṣeé ká. Lórí kọ́nà kékeré bíi tiwa, wọ́n á fẹ́ fò kúrò lójú irin. Ẹ́ńjìnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n fi ń to wágọ́ọ̀nù nínú ọgbà rélùwéè, ló rọrùn fún wa. Mẹ́ta péré ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, ó sì máa yí kọ́nà láìjà.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Ká ní a rí ṣásí àlòkù tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní mìlímítà 20. Ní 1:76, ẹsẹ̀ yẹn dúró fún mítà kan àti ààbọ̀, tó ga púpọ̀. Ní 1:64, ó dúró fún mítà 1.28 péré. Ẹsẹ̀ tí kò ga ló yẹ ojú irin tóóró bíi tiwa, nítorí náà ṣásí wọn á bá ọkọ̀ wa mu ju bí ó ṣe bá tiwọn mu lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ṣásí àlòkù, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀ wò. Bí ìdè ọ̀pá ti ọ̀tún bá wà lókè pátápátá, ti òsì gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìyẹn digíríì 90 síra wọn. Kí nìdí? Ẹ ronú kan kẹ̀kẹ́ ológeere: bí pẹ́dà bá wà lókè gan-an, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹ́ńjìnì gidi. Omi inú báílà á hó, ooru rẹ̀ á wọ inú sìlíńdà, á ti písítọ̀n, písítọ̀n á sì ti ọ̀pá. Bí apá kan bá dé ibi tí kò ti lè ti nǹkan mọ́, apá kejì á ti wà níbi tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Bí digíríì yìí bá yẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan nínú ṣásí kékeré, á máa há, ẹ má rà á.

4. KỌ́NÀ LÓ Ń YAN KỌ́Ọ̀ṢÌ

Pátákó wa fẹ̀ ní mìlímítà 1220, ó gùn ní 2440. Kọ́nà tí mo dábàá, láti àárín òbìrìkìtì dé àárín ojú irin, jẹ́ 505. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 1010, á ku 105 lápá kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ má bàa já bọ́. Ibi tó tọ́ gbọnrangandan á wá ku 1220.

Kọ́ọ̀ṣì kì í ká bí ejò. Tó bá wọ kọ́nà, àárín rẹ̀ á yọ sínú, orí àti ìdí rẹ̀ á yọ síta. Báyìí ni a ṣe ń mọ bó ṣe máa yọ sínú tó: ẹ mú jíjìn tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìlọ́po mẹ́jọ kọ́nà pín in.

Ká ní kọ́ọ̀ṣì gidi gùn ní mítà 18. Ní 1:64, ó di 281. Bí jíjìn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 200, 200 lọ́nà 200 jẹ́ 40,000. 8 lọ́nà 505 jẹ́ 4,040. Ìdáhùn jẹ́ nǹkan bíi 9.9. Sẹ̀ǹtímítà kan gbáko! Gbogbo òpó àti pèpéle tó bá sún mọ́ ọn ló máa gbá dànù.

Ẹ wá wo kọ́ọ̀ṣì mítà 12. Ó di 187.5. Bí jíjìn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 130, á yọ sínú ní 4.2 péré. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta báyìí kò tó 570 lápapọ̀. Ẹ fi ẹ́ńjìnì kún un, gbogbo rẹ̀ á dúró níwájú ibùdókọ̀ láìkan kọ́nà. Ẹni tó ní ká so mẹ́jọ pọ̀, ẹ bi í léèrè pé níbo ni ọkọ̀ ọ̀hún máa dúró sí? Kò ní gba ibi tó tọ́ gbọnrangandan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

5. KÍKỌ́ RẸ̀

Báílà: Ẹ wá àwòrán ẹ́ńjìnì tí wọ́n yà láti iwájú. Ẹ fi rúlà wọn ìbú ojú irin lábẹ́ rẹ̀ àti ìbú báílà. Bí ojú irin bá jẹ́ 40 lórí ìwé, tí báílà jẹ́ 60, a jẹ́ pé báílà gidi jẹ́ 1067 lọ́nà ẹyọ kan àti ààbọ̀, ìyẹn bíi 1600. Ẹ fi 64 pín in: 25. Páìpù rọ́bà oníwọ̀n 25 tí àwọn oníṣẹ́ iná ń rì mọ́ ògiri ti parí iṣẹ́ yẹn.

Ara kọ́ọ̀ṣì: Páálí líle ni. Ẹ gé gbogbo fèrèsé nígbà tí páálí ṣì wà ní pẹlẹbẹ, kí ẹ tó ká a. Ẹ fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ní tótòtó, á yọ bí orí ìṣó sí iwájú. Ẹ kun ọ̀dà kí ẹ tó lẹ ike ìgò omi mọ́ fèrèsé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gíláàsì yín á dọ̀tí.

Ẹsẹ̀ kọ́ọ̀ṣì: Ẹ fi ìdè ẹyọ kan ṣoṣo de férémù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè máa yí. Ẹ lẹ ìṣó díẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ kó lè wúwo. Tí ìwúwo bá wà lókè, á ṣubú ní kọ́nà. Kí gbogbo ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ ga bákan náà láti ojú irin.

6. OHUN TÍ KÒ SÍ LỌ́JÀ

Ohun kan wà tí owó wa kò lè rà. Ẹ́ńjìnì eléèédú ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ojú irin wa tipẹ́. Àwọn tó kó èédú Enugu sínú iná rẹ̀, àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì kìíní, ìkejì àti ìkẹta, àwọn tó gbé àgbọ̀n obì wọ̀ ọ́, àgbà ni wọ́n báyìí. Bí a bá ra ọkọ̀ tó ti parí, a ò ní nǹkan kan láti bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwa fúnra wa bá ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á pọ̀: Bàbá, ibo ni àga kọjú sí? Màmá, ṣé fèrèsé yẹn máa ń ṣí sókè ni àbí sísàlẹ̀? Ẹni tó bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, kó lọ bi wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Àfihàn lè dúró de sáà mìíràn. Àwọn àgbà yìí ò ní máa dúró dè wá títí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìbò fún 1:64, ẹ́ńjìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, kọ́ọ̀ṣì kúkúrú mẹ́ta.

ÌDÁNWÒ KÉKERÉ
(a) Ilẹ̀kùn kọ́ọ̀ṣì ga ní mítà 1.9. Mìlímítà mélòó ni ní 1:64?
(b) Bí a bá lo kọ́nà 438 dípò 505, mélòó ni kọ́ọ̀ṣì tí jíjìn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 130 á fi yọ sínú?
(d) Kí ló dé tí kò fi yẹ ká gbé ọkọ̀ 1:87 àti ti 1:64 sórí pátákó kan náà?

Ìdáhùn yóò jáde lórí ògiri yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á ló máa kun ọ̀dà sí ẹ́ńjìnì.