Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà tó wí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde kò rí gbọ̀ngán tí iná ti ń kọ mànà bí ìgbà tí Ṣàngó bá ń bínú, wọn kò sì gbọ́ gìtá oníná tí ń ké bí ẹṣin tí a gún ní kẹ́sẹ́. Síbẹ̀ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ń bá wí, ìwọ Àkànní, ìwọ Àjọkẹ́, ọmọ ọdún 14 tàbí 15 tí a bí sí Peckham tàbí Camberwell nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tí o ti ń ṣọ́ owó ná láti oṣù mẹ́ta wá nítorí pé ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí ọkàn rẹ fẹ́ ń bọ̀ wá ṣeré ní Brixton. Ẹ̀ṣọ́ òde yìí kì í ṣe aṣọ dúdú tí a ya àwòrán ẹgbẹ́ olórin sí láyà nìkan. Etí rẹ, ẹsẹ̀ rẹ, owó ọkọ̀ rẹ, àti ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti àwọn òbí rẹ jọ fẹnu kò lé lórí, àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀ṣọ́ tó níye lórí jù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè rà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán.

Ọ̀dọ̀ òbí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì ní bòńkẹ́lẹ́ kí o tó máa wá ẹnu tí o ó fi sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ bá jẹun alẹ́ tán, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, kí o dárúkọ àwọn olórin náà, ọjọ́ eré, ibi tí eré wà, ẹni tí ẹ jọ ń lọ, àti wákàtí tí ẹ ó padà. Bí ìyá rẹ bá ní orin èṣù ni, má bá a jiyàn bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé Sister Rosetta Tharpe, obìnrin dúdú tí a bí ní Arkansas ní ọdún 1915, tí orin ìyìn Olúwa jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó fi gìtá oníná la ọ̀nà tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń tọ̀ lónìí, àti pé Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, tí í ṣe ọmọ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, wá sí Èkó wá bá Fela, tí àwọn méjèèjì sì jọ ṣe àwo orin kan tó jáde ní 1971. Orin náà kì í ṣe àlejò ní ilé wa tó bí a ti rò. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda, bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò ìyá rẹ tẹ̀lé ọ, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán ni kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé wọlé láìsí àgbà. Wo òfin ọjọ́ orí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni ó kàn, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o fi etí méjèèjì gbọ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gìrìgìrì a máa pani. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Asake, ọmọ tiwa láti Èkó, wá ṣeré ní O2 Academy tó wà ní Stockwell Road ní Brixton. Èrò rọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni méjì ló bá ìfúnpọ̀ náà lọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbọ̀ngán náà pa, oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sì tó tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Bí o kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, má lọ wo ojú ọ̀nà pé bóyá àyè á yọ. Má sì ra lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní kọ̀rọ̀ títì. Bí o bá ní in, tí o débẹ̀ tí o rí i pé àwọn ènìyàn ti ń ti ara wọn, fà sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ pé o ti ń gbọ́ orin láti inú. Èmi kò ní bá ọ wí nítorí owó tó ṣòfò lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ìlù tó bá dún àdúnjù kò ní pẹ́ ya. Níbí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀, n kò fi ohunkóhun dí etí, a sì dúró sí ẹ̀bá àwọn ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde, tó ga ju ènìyàn lọ. Nígbà tí a délé, bí ìrẹ̀ tí ń dún lóru ni etí mi ń ṣe. Ilẹ̀ mọ́, kò dákẹ́. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó gbọ́ ohùn ara mi dáadáa, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ pé irun wínníwínní kan wà ní ìkọ̀kọ̀ inú etí, tí ń gba ohùn tí ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ, àti pé bí ariwo bá ti pa á, kì í ṣe bíi koríko tí òjò àkọ́rọ̀ yóò tún mú hù. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bí ó bá jẹ́ 85, àwọn onímọ̀ gbà pé etí lè fara dà á fún wákàtí 8. Ṣùgbọ́n bí 3 bá ti lé e, àkókò náà dín kù sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù fún ọ. Eré rọ́ọ̀kì a sì máa tó wákàtí méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 2022 pé kí ìpíndọ́gba ariwo ní irú ibi bẹ́ẹ̀ má ṣe ju 100 lọ. O rí i nígbà náà pé gbọ̀ngán tó pa ìlànà mọ́ pàápàá kò lè gba etí rẹ là bí ìwọ fúnra rẹ kò bá dí i.

Ra ohun ìdíetí, èyí tó rí bíi fóòmù, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Fi ìka méjì yí i títí yóò fi tín-ín-rín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, fi ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí fa òkè etí sókè, tì í wọlé, kí o sì dì í mú títí yóò fi wú kún ihò etí. Ṣe é nílé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Orin náà kò ní sọnù. Má tijú ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn tó wà lórí pèpéle pàápàá ń fi nǹkan sí etí.

Ti aṣọ kò pọ̀: èyí tó fẹ́lẹ́, nítorí ooru, àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Jẹun yó kí o tó jáde. Fi àpò ńlá sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngán wọ̀nyí kì í gba èyí tó bá ju ìwé A4 lọ.

Gbọ́ àwọn àwo orin wọn ní àgbọ́túngbọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, bí ọmọ onílù ti ń gbọ́ dùndún bàbá rẹ̀ kí ó tó gba ọ̀pá ìlù. Ẹgbẹ́ kékeré kan yóò kọ́kọ́ ṣeré. Pàtẹ́wọ́ fún wọn, ọ̀nà wọn jìn. Sinimá ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngán O2 Academy ti Brixton náà fún ní 1929, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kúkúrú ènìyàn tó dúró lẹ́yìn ń rí pèpéle kedere láàárín èrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Ẹ̀yìn ni mo bá ọ yàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bí o bá ti wọlé, wo gbogbo ilẹ̀kùn àbájáde kí iná tó kú. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá la agbo sí àárín tí wọ́n ń fò lu ara wọn, mọ̀ pé ìjà kọ́ ni, àti pé àṣà wọn ni láti fa ẹni tó bá ṣubú dìde kíákíá. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn bí ó bá kàn ọ́. Ṣùgbọ́n bí èrò bá fún ọ mọ́ iwájú tí èémí kò já gaara, gbé apá méjèèjì sáyà kí àyè wà fún ẹ̀dọ̀fóró, kí o sì na ọwọ́ sókè sí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn irin; ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbé ọ kọjá.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Brixton ni òpin ọ̀nà Victoria ti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, alẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé nìkan ló sì máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bọ́ọ̀sì 37 ni yóò gbé ará Peckham. Kí iná fóònù yín tó kú, ẹ ti fẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá pínyà: àwòrán David Bowie, olórin rọ́ọ̀kì tí a bí ní Brixton ní 1947, wà lára ògiri ní òdìkejì ibùdókọ̀ rélùwéè náà, kò sì sí ẹni tí kò lè rí i.

Ìyá rẹ yóò ti jókòó sí pálọ̀, ojú rẹ̀ lára tẹlifíṣọ̀n, etí rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Kí i dáadáa, bu omi mu, kí o jókòó tì í, kí o sì sọ fún un bí iná ṣe kú lójijì, bí gbogbo gbọ̀ngán ṣe mí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí okùn gìtá àkọ́kọ́ tó dún.