KỌ́KỌ́RỌ́ ILÉ ÌJỌSÌN KÌ Í ṢE KỌ́KỌ́RỌ́ Ọ̀DỌ̀ ỌLỌ́RUN

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ìsíkíẹ́lì 11:14-25

ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: Ìsíkíẹ́lì 11:16 (Ṣí Bíbélì rẹ, kí o sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó máa bá ẹ̀kọ́ yìí lọ.)

Olùfẹ́ nínú Olúwa, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan ní àárọ̀ yìí: bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ìjọ rẹ pa lónìí, tí wọn kò sì fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, níbo ni ìwọ yóò ti bá Ọlọ́run pàdé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí i tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ nítorí owó ilé kíkọ́, nítorí ẹni tí yóò jẹ alàgbà, tàbí nítorí pásítọ̀ tí wọ́n gbé kúrò àti èyí tí wọ́n gbé dé. Ẹgbẹ́ akọrin á pín sí méjì. Àwọn kan á mú àgádágodo wá, àwọn mìíràn á gé e. Ẹni tí ó wá gbàdúrà á padà sílé pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn, á sì máa rò pé Ọlọ́run pàápàá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Irú nǹkan báyìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Jésù, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó Jèhóíákínì ọba àti ọ̀pọ̀ ènìyàn Júdà lọ sí ìgbèkùn. Ìsíkíẹ́lì wà nínú wọn. Ọkùnrin tí a bí sí ìdílé àlùfáà wá di ẹni tí kò ní tẹ́ńpìlì, tí kò ní pẹpẹ, tí ó ń gbé láàrin àwọn ìgbèkùn létí odò Kébárì. Àwọn tó ṣẹ́kù sí Jerúsálẹ́mù kò káàánú wọn rárá. Wo ẹsẹ 15 nínú Bíbélì kíkà wa: wọ́n ní kí àwọn tí a kó lọ jìnnà sí Olúwa, pé àwọn tó wà nílé ni a fi ilẹ̀ náà fún. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, àwa la ni tẹ́ńpìlì, nítorí náà àwa la ni Ọlọ́run.

Kí ni Ọlọ́run wá sọ? Ó ní lóòótọ́ ni òun tú wọn ká, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni ibi mímọ́ wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n lọ. Halleluyah! Kò ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ilé fún wọn létí Kébárì. Òun fúnra rẹ̀ ni ilé náà.

Kíyè sí nǹkan mẹ́ta nínú ìtàn yìí:

1. Inú ilé ara rẹ̀ ni Ìsíkíẹ́lì jókòó sí nígbà tí ọwọ́ Olúwa bà lé e (8:1). Àwọn àgbààgbà Júdà kan jókòó níwájú rẹ̀ nínú ilé náà, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti bẹ̀ ẹ́ wò.

2. Nínú ìran tí ó rí, àwọn àgbààgbà 70 wà nínú tẹ́ńpìlì, àwo tùràrí lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, òrìṣà ni wọ́n sì ń sìn nínú òkùnkùn (8:10-12). Ní ẹnubodè, àwọn ọkùnrin 25 ń gbìmọ̀ ibi (11:1-2). Tùràrí ń rú, ìpàdé ń lọ, ìjókòó pé. Ọlọ́run tó ni ilé nìkan ni wọn kò kà sí.

3. Ògo Olúwa kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kúrò lórí kérúbù wá sí ìloro ilé (10:4), ó dé ẹnubodè ìhà ìlà-oòrùn (10:19), ó wá kúrò láàrin ìlú, ó dúró lórí òkè (11:23). Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí àlejò tí ń retí kí ẹnì kan fa òun láṣọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ.” Bíbélì kò sọ fún wa pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Bábílónì dáná sun tẹ́ńpìlì náà. Ilé tí wọ́n fi ń yangàn jó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sọ ibùgbé nù. Ó ti wà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n pè ní ẹni ìtanù.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti ń sìn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí owó ilé kíkọ́. Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní pólì, nítorí náà apá tí mo wà ni wọ́n gbé ìwé owó fún. Ó dá mi lójú pé ìṣirò wa ló pé. Títí di òní, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Alẹ́ lálẹ́ la ń ṣèpàdé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pa fóònù mi kí ẹnikẹ́ni má baà dí wa lọ́wọ́. Aago kan òru ti lù kí n tó délé. Mo bá ìyàwó mi lórí ìkúnlẹ̀ nínú kíṣìnì, ọmọ wa sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibà ti mú un láti ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò ti wá fún un lóògùn, ara rẹ̀ sì ti ń rọ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi ti pè mí títí, kò rí mi bá sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, kí Ọlọ́run lè wá síbí.”

Ó wò mí, ó ní, “Dádì, Ọlọ́run ti wà níbí láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin la ń retí.”

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń sáré kiri nítorí ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò rántí ìgbà tí mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láìjẹ́ pé míkírófóònù wà lọ́wọ́ mi. Ìjà náà kò parí bí mo ti fẹ́. Ìjọ náà pín, àwọn kan tí a jọ ń jẹun kì í kí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kíṣìnì yẹn ni mo ti rí ojú Ọlọ́run padà.

Ará mi, Ọlọ́run kì í tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé tọ àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Orí òkúta ni Jékọ́bù sùn sí tí ó fi rí àwọn áńgẹ́lì. Inú túbú Fílípì ni Pọ́ọ̀lù àti Sílà wà ní ọ̀gànjọ́ òru. Nílẹ̀ wa níbí, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà ní ọdún 1928, nítòsí Ìkejì-Arákeji, nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Iṣẹ́ oòjọ́ ló ń ṣe. Kò sí pẹpẹ níbẹ̀, kò sí akọrin. Nípasẹ̀ ọkùnrin yìí ni ìsọjí ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oòyè, Iléṣà, ní ọdún 1930. Ní ọdún 2020 pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ti àwọn ilé ìjọsìn nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ìdílé sọ pálọ̀ wọn di ibi mímọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí pẹpẹ ilé tìrẹ nígbà tí wọ́n ṣí ìjọ padà?

Má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí o kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀. Hébérù 10:25 ṣì wà nínú Bíbélì. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ìsíkíẹ́lì pàápàá kò dá jókòó nínú ilé rẹ̀. Bí owó ìjọ bá sọnù, ó tọ́ kí a béèrè. Bí wọ́n bá sì tì ọ́ jáde, wá àwọn ará tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkàn rẹ pẹ̀lú. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, bẹ̀rù Ọlọ́run. Má ṣe sọ fún ẹni tó wà lóde pé ó ti jìnnà sí Olúwa. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Olúwa wà.

Báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ? Ka ẹsẹ 19. Kò ní òun yóò fún wọn ní ìṣẹ́gun lórí àwọn tó wà ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní òun yóò mú ọkàn òkúta kúrò, òun yóò sì fún wọn ní ọkàn ẹran. Ènìyàn lè jàre nínú ìjà ìjọ kí ọkàn rẹ̀ sì ti di òkúta. Yẹ tìrẹ wò láàárọ̀ yìí.

IṢẸ́ ṢÍṢE LÓNÌÍ: Yan ibì kan nínú ilé rẹ tàbí níbi iṣẹ́ rẹ. Pa fóònù rẹ fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, tan án, kí o pe ẹnì kan tí ẹ kì í kí ara yín mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìjọ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ:

1. Baba, mo dúpẹ́ pé kò sí àgádágodo tó lè tì mí mọ́ òde níwájú rẹ.

2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti jà fún ilé rẹ tí mo sì gbàgbé rẹ.

3. Mú ọkàn òkúta kúrò ní àyà mi, fún mi ní ọkàn ẹran, ní orúkọ Jésù.

4. Wo gbogbo ẹni tí ìjà ìjọ ti ṣá lọ́gbẹ́ sàn, jẹ́ ibi mímọ́ fún wọn níbikíbi tí wọ́n wà lónìí.

5. Olúwa, bí ògo rẹ bá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní ilé mi tàbí ní ìjọ wa, mo bẹ̀ ọ́, má kọjá ìloro. Padà wọlé, ní orúkọ Jésù. Àmín.