Èèwọ̀ Oúnjẹ fún Ẹni tí Àìsàn Pẹ́ Lára Rẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ilé kan nínú ìjọ wa tí kò ní ẹni tí àìsàn pẹ́ lára rẹ̀, ìbáà ṣe àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí inú rírun tí kì í tán. Gbogbo ẹni tí ó bá sì wá kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni yóò ka èèwọ̀ kan fún un. Ọ̀kan á ní kí ó má ṣe fi ẹnu kan iyán mọ́. Èkejì á ní ẹyin ni ó ń dá a lóró. Ẹ̀kẹta á ní kí ó fi ẹran sílẹ̀. Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ ọ́, àwa náà sì ti sọ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n a ti rí àwọn tí ó pa gbogbo èèwọ̀ wọ̀nyí mọ́ títí aṣọ wọn fi tóbi jù wọ́n lọ, tí àìsàn náà kò sì kúrò níbi tí ó wà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ìtàn àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ òkèèrè ṣe ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sílíákì. Ọmọ tí ó bá ní i a máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ikùn rẹ̀ a wú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì gbẹ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú nígbà àtijọ́. Ní 1924, oníṣègùn kan ní New York, Sidney Haas, kọ̀wé pé òun ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Ó fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ka búrẹ́dì àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ mìíràn léèwọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ náà sanra lóòótọ́, òkìkí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì kàn káàkiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ni ó wò wọ́n. Ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ìlú The Hague, ti ń fura sí àlìkámà, ọkà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó rí nígbà ìyàn ńlá ti 1944 sí 1945, nígbà tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, tún fi ìdí ìfura náà múlẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó mú àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ àwọn ọmọ kan, ó tún dá a padà, ó sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí àlìkámà ti ń padà ni àìsàn ń padà. Ní 1950 ó gbé iṣẹ́ náà jáde ní Yunifásítì Utrecht.

Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Haas mú ohun púpọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tí kò ṣe iṣẹ́ náà. Ó tilẹ̀ rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ bá ti yá lè padà sí búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí kì í fi ènìyàn sílẹ̀ títí ayé. Dicke mú ohun kan kúrò, ó sì dá a padà láti wò ó. (Ẹni tí ó bá fura sí búrẹ́dì lónìí, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀, nítorí bí ó bá ti fi í sílẹ̀ pẹ́, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan.)

Ní tiwa, wàrà ni a tètè máa ń bá jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ Mínísítà Ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Wọ́n rí i pé ìfun púpọ̀ jùlọ nínú àwọn àgbà Yorùbá kì í lè da ṣúgà inú wàrà dáadáa, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè ṣe é. Èyí kì í ṣe àrùn. Oje tí ń da ṣúgà náà ni ó ń dínkù lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Síbẹ̀ wàrà díẹ̀ nínú tíì kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu, wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri kò sì ní ṣúgà náà púpọ̀, nítorí ó ti bá omi rẹ̀ lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn nítorí ife wàrà kan, tí ó wá fi ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja sílẹ̀ pẹ̀lú, ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀ lásán.

Ti àtọ̀gbẹ ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. A ti sọ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ di oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ara a máa sọ òun náà di ṣúgà. Ìwọ̀n tí a bù sínú àwo kò ṣeé fi ojú fò. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ó ń lo àwọn oògùn kan tí ń mú ṣúgà wálẹ̀, tí ó wá dín oúnjẹ kù láìsọ fún oníṣègùn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ó máa gbọ̀n, kí ó máa làágùn, kí ó sì dákú. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, omi ṣúgà ni kí ẹ fún un kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èèwọ̀ ṣúgà kò sí ní wákàtí náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán èèwọ̀ wò, kí ó bá oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, kí ó má sì ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó yẹra fún oúnjẹ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kí ó máa kọ ohun tí ó jẹ àti bí ara rẹ̀ ti rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn èyí kí ó tún jẹ ẹ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ó gba oúnjẹ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ ti wú rí nítorí oúnjẹ kan, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kò gbọdọ̀ dán an wò nílé rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú nǹkan yìí wò lára ọmọ ọwọ́ tàbí aboyún láìsí oníṣègùn.