Àìtètè Mólè: Ìkọ̀wé Àgbàlagbà àti Àrùn Ìgbàgbé

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Òwe yìí bá ọ̀ràn àrùn ìgbàgbé mu púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àrùn náà fi máa ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ará ilé tó fura pé àgbà ti ń ṣarán. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àmì rẹ̀ sì lè ti tètè yọjú, tí ènìyàn kì í sábà wò, ni ìwé tí àgbà náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ìkọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, nítorí pé ẹni tí ń kọ̀wé ní láti rántí ọ̀rọ̀, kí ó tò ó, kí ó rántí bí lẹ́tà ṣe rí, kí ó fi ojú wọn àyè tí ó kù lórí ìlà, kí ó sì darí ìka, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1901, ní ilé ìwòsàn kan ní Frankfurt ní Jámánì, dókítà Alois Alzheimer, ẹni tí èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìgbàgbé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní kí Auguste Deter, obìnrin ẹni ọdún 51, kọ orúkọ ara rẹ̀. Obìnrin náà kọ “Frau”, èyí tí í ṣe “Ìyáàfin”, ó sì gbàgbé ìyókù, débi pé dókítà ní láti máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un. Alzheimer kà á sí àìlèkọ̀wé tí ó ti ọ̀dọ̀ iyè wá.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ń lo wàláà tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó ń ka bí kálàmù ṣe ń yára sí, bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí, àti iye àsìkò tí ẹnu rẹ̀ fi wà lókè láìkan ojú ìwé. Àsìkò òkè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń wá ohun tí yóò kọ tẹ̀ lé e, ó sì máa ń gùn lọ́dọ̀ àwọn tí àrùn náà ti mú.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé àwọn ọmọ gan-an ni ó ń pa àmì inú ìkọ̀wé àgbà yìí rẹ́. Bí báńkì bá dá sọ̀wédowó bàbá padà pé ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, wọn a pariwo mọ́ òṣìṣẹ́ báńkì, wọn a sì gba kálàmù lọ́wọ́ bàbá, kí wọ́n máa bá a kọ ohun gbogbo láti ọjọ́ náà lọ, wọn a rò pé àánú ni. Ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí àgbà máa kọ̀wé, kí wọ́n tọ́jú lẹ́tà àti ìwé ìṣirò rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó kọ wọ́n, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ ti òní wé tirẹ̀ ti àná, láìfi wé ti ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, òwe náà kò tọ̀nà tán, nítorí pé ẹni tí ó bá kánjú mólè lè mú olóko nínú oko ara rẹ̀. Làkúrègbé, ojú tí ó ṣe bàìbàì, àrùn rọpárọsẹ̀ àti oògùn kan lè yí ìkọ̀wé padà. Lẹ́tà tí ń kéré sí i bí ìlà ti ń lọ sì jẹ́ àmì tí àrùn Parkinson máa ń fi hàn. Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé ńkọ́? Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn lórí àrùn ìgbàgbé láàrin àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992, ìbéèrè tí kò gba ìwé kíkà ni wọ́n lò, wọ́n sì tún bi ẹbí tí ó mọ àgbà náà dáadáa léèrè, kí àìmọ̀wé má baà di àìsàn lójú wọn.

Ìwé ọwọ́ kò tó láti dá ẹjọ́ àrùn. Ó tó láti mú àgbà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àìtó fítámì B12 àti ìsoríkọ́ líle náà lè mú kí àgbà máa gbàgbé, méjèèjì ni ó sì ní ìtọ́jú.