Ẹ Jẹ́ Kí Fóònù Sùn Ní Pálọ̀: Aago Tí Yóò Jí Wa Fún Àsùbáà

A tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀rọ̀ aago kékeré tí à ń gbé sí yàrá kí ó lè jí wa lójú oorun ni a fẹ́ sọ lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó kan ìrun wa, ó sì kan ara wa.

Ní mọ́sálásí àdúgbò wa ní Modákẹ́kẹ́, àwa tí a yọ̀ǹda ara wa máa ń pín iṣẹ́ ìdájí láàárín ara wa. Ẹni tó bá kàn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì pọn omi sínú bútà. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, àwa tí à ń kọ ìwé yìí ló kàn. Fóònù ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, fóònù kú lóru, ìgbà tí a sì fi máa lajú, ilẹ̀ ti ń mọ́. A sáré débẹ̀, a bá àwọn bàbá àgbà tí wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nínú òtútù. Wọn kò bú wa. Ojú tì wá ju kí wọ́n bú wa lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a lọ ra aago ní Lágere.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀lẹ nìkan ni oorun ń gbé lọ. Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń bọ̀ láti Khaybar, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró sinmi lóru. Ó ní kí Bilal máa ṣọ́nà fún àwọn títí ìdájí. Bilal kírun títí, ó wá fẹ̀yìn ti ràkúnmí rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí ojúmọ́ yóò ti là. Oorun gbé e lọ. Oòrùn ló jí gbogbo wọn. Ànábì kò fi Bilal ṣẹ̀sín. Wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀, wọ́n kírun, ó sì kọ́ wa pé ẹni tó bá gbàgbé ìrun tàbí tó sùn kọjá rẹ̀, kí ó kí i nígbà tó bá ti rántí. Bí oorun bá lè gbé irú Bilal, a jẹ́ pé ara tó ti rẹ̀ máa ń borí èrò ọkàn tó dára.

Nítorí náà, kí á tó sọ̀rọ̀ aago, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ oorun. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán, lóru. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Àwọn ọ̀dọ́langba nílò wákàtí 8 sí 10. Ẹni tí oorun rẹ̀ kì í tó lọ́jọ́ kan tẹ̀ lé èkejì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá sì ń tòògbé lórí ọ̀kadà, ewu rẹ̀ kò kan òun nìkan. Ànábì kò fẹ́ràn kí èèyàn sùn ṣáájú Ìṣáì, kò sì fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: bí a bá kí Ìṣáì tán, tí a sùn ní aago 9:30, tí a jí ní aago 5, wákàtí 7 àbọ̀ nìyẹn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti alẹ́ ni a ti ń jí fún Àsùbáà.

Kí ló wá ń gba wákàtí náà lọ́wọ́ wa? Fóònù ni. A ní a fẹ́ fi ṣe álààmù, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, WhatsApp dún, a wò ó, aago 12 lù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, oorun yóò sì máa sá. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kò ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan wọlé kí ó ní kí a ta oògùn oorun fún òun, pàápàá diazepam. Ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: níbo ni fóònù yín máa ń wà lóru? Ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ ni pé, “Abẹ́ ìrọ̀rí.” Oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí à ń rà láìsí ìwé dókítà. Ó ń di bárakú, ó ń mú kí àgbàlagbà ṣubú lóru, ó sì lè mú kí èèyàn má gbọ́ aago rárá. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine, ó lè dá èémí dúró.

Ẹ jẹ́ kí fóònù sùn ní pálọ̀, kí aago gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó máa lo bátìrì, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù. Èyí tó ń lo iná NEPA nìkan yóò gbàgbé aago tó lù ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ.

2. Ẹ ní kí ọlọ́jà dún un sí yín létí kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún gbé e sétí, kí ẹ gbọ́ bóyá ìró “kẹ́-kẹ́-kẹ́” rẹ̀ kò ní dí yín lọ́wọ́ oorun.

3. Kí ojú rẹ̀ má tan ìmọ́lẹ̀ gbogbo òru. Bí yóò bá tàn, kí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa tó ṣe bàìbàì.

4. Bí ó bá jẹ́ fún àgbàlagbà, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, kí bọ́tìnì rẹ̀ má pọ̀.

5. Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ó bá ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó kọ́bọ̀, kí ìdérí rẹ̀ ní ìdè tí ọmọdé kò lè tú. Bí ọmọ bá gbé bátìrì yìí mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má ṣe dúró wo bóyá yóò yà á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò jìnnà sí wa.

Bí aago bá délé, ẹ má gbé e síbi tí ọwọ́ lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí tábìlì tó wà lápá kejì yàrá ló yẹ ẹ́, kí ẹ lè dìde kí ẹ tó pa á. Ẹsẹ̀ tó bá ti kan ilẹ̀ ti súnmọ́ àlùwàlá. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnì “díẹ̀ sí i”, nítorí oorun gégèé-gégèé tó ń tẹ̀ lé e kì í sinmi ara. Ẹ jẹ́ kí wákàtí jíjí yín bára mu lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ ẹ máa wo ìwé àkókò ìrun mọ́sálásí yín, torí àkókò Àsùbáà kì í dúró sójú kan: ní oṣù Okúdù, oòrùn ń yọ níbí ní nǹkan bí aago 6:30, ṣùgbọ́n ní oṣù Èrèlè ó ń lọ sí aago 7. Ní Rámádàánì, ẹ yí i sẹ́yìn fún sààrì. Àwọn ajíwéré tó ń kọrin kiri àdúgbò láyé ìjọ́sí, tí Fújì jáde láti inú orin wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi aago yìí rántí rẹ̀, kí ó lè máa lò ó ní wákàtí kan náà. Bí oògùn yín bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀, ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀, kí ìtọ̀ má baà máa jí yín lóru.

Nǹkan kan wà tí aago kò lè wò sàn. Ẹni tó sùn tó wákàtí 7, síbẹ̀ tí kò gbọ́ aago, tó ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, tàbí tó ń tòògbé lójú ọ̀sán, kí ó lọ rí dókítà. Kí ẹ̀yin ará ilé má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Àìsàn lè wà níbẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Láti ọjọ́ tí aago wa ti dé, fóònù wa ń sun pálọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ìdájí bá kàn wá, àwa là ń dúró de àwọn bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí Ọlọ́hun fi oorun ìtura fún wa, kí Ó sì jí wa síre. Àmín.