Táyà Tuntun Lórí Títì Ìlọrin: Ṣe àti Má Ṣe

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ là ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ NAPEP. Kẹ̀kẹ́ eré ìje, èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun méjì ni ẹni tó ń gùn ún ń fẹ́ lára táyà: kó di títì mú, kó má sì tètè lu. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Rọ́bà tó rọ̀ ló ń di títì mú. Òun náà ló ń tètè jẹ, tí nǹkan sì ń tètè gún. Lójú tèmi, ní Ìlọrin, ààbò tí kì í jẹ́ kó lu ni kó o kọ́kọ́ sanwó fún. Dídi títì mú, wàá rí i gbà padà níbi fífẹ̀ táyà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.

Ṣe: ka nọ́ńbà ara táyà kó o tó sanwó. Wá ibi tí wọ́n kọ nǹkan bíi 28-622 sí. 28 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 622 ni ìwọ̀n òbìrí ríìmù níbi tí etí táyà ti ń jókòó, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Èyí ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní 700C, òun sì ni kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní ń lò. Raleigh dúdú gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, 635 ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ "28" ni wọ́n ń pe òun náà. Ẹni tó bá kàn bèèrè "táyà 28" lọ́jà lè gbé èyí tí kò ní í jókòó lórí ríìmù rẹ̀ láéláé délé. Bí ọlọ́jà bá ní "yóò fà, yóò wọ̀", dá a padà fún un. Etí táyà kì í fà.

Má ṣe: tìtorí ọnà ara táyà ra táyà. Táyà mọ́tò nílò ihò àti ilà, torí ó fẹ̀, ó sì ń sáré, omi lè gbé e sókè kúrò lórí títì. Táyà kẹ̀kẹ́ rí tóóró, ojú rẹ̀ yípo, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le; òun fúnra rẹ̀ ló ń gé omi kọjá. Lórí ọ̀dà, èyí tó ń dán ni rọ́bà rẹ̀ ń kan ilẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀ pupa lò ń gbà lójoojúmọ́, ìyẹn yàtọ̀. Ọnà wúlò níbẹ̀.

Ṣe: bèèrè ohun tó wà lábẹ́ rọ́bà. Ibẹ̀ ni ààbò wà. Nínú Grand Prix 5000 ti Continental, aṣọ Vectran ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀: ó fúyẹ́, ó ń sáré, ó sì ń di títì mú dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ iléèwé. Schwalbe Marathon Plus ní ìpele rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 5. Ó wúwo, kò yá nílẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Yunifásítì Ìlọrin láràárọ̀ kò ní í ké àbámọ̀. Táyà tí wọ́n ń pè ní Gatorskin wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó lágbára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gùn ún máa ń ṣàròyé pé ó ń yọ̀ bí ilẹ̀ bá tutù.

Ṣe: mọ ọ̀tá rẹ. Ìṣó àti àfọ́kù ìgò kọ́ ni olórí wọn. Wáyà ni. Tírélà tó ń ti Èkó bọ̀ gba Ògbómọ̀ṣọ́, tó wọ Ẹyẹnkọrin, tó sì forí lé Jẹ́bà, irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n hun sínú táyà rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bẹ́ lójú ọ̀nà, tàbí tí àwọn èèyàn bá sun táyà sójú títì, irin yẹn á fọ́n ká. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ á máa gbá a lọ sí etí títì, níbi tí wọ́n ń lé àwa oníkẹ̀kẹ́ sí gan-an. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú kì í tètè rí i. Kì í lu táyà lójú ẹsẹ̀; á wọlé díẹ̀díẹ̀, o ó sùn, o ó jí, afẹ́fẹ́ inú táyà á ti jò tán.

Má ṣe: jẹ́ kí fọkanáísà lẹ tíúbù kó sì dá a padà báyẹn. Sólúṣọ̀n kì í yọ wáyà. Fi òwú tùràtùrà nu inú táyà yípo. Ibi tó bá ti há ni wáyà wà. Má fi ìka nù ún. Sì bẹ ọ̀gá náà kó má fi sukuduráífà tú táyà rẹ, torí òun gan-an á tún lu tíúbù mìíràn fún ọ.

Ṣe: gbé irin ìsopọ̀ ẹnu tíúbù dání. Ẹnu tíúbù kẹ̀kẹ́ eré ìje tẹ́ẹ́rẹ́, Presta ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ fọkanáísà kò sì gbà á. Irin kékeré náà kò ju èékánná lọ.

Má ṣe: fún un ní afẹ́fẹ́ dé ibi tí wọ́n kọ MAX sí. Ààlà nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ. Táyà tó le gbagidi ń ta lórí gbogbo òkúta, kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 lórí táyà mìlímítà 28, PSI 65 sí 75 tó o. Bí férémù àti ríìmù rẹ bá gba 32, rà á, kó o sì tún dín afẹ́fẹ́ kù. Má ṣàṣejù sí ìsàlẹ̀ ṣá: nínú kòtò, ríìmù á gé tíúbù lójú méjì.

Ṣe: bẹ̀rù òjò àkọ́rọ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ni eruku àti epo mọ́tò ti ń kó jọ sórí títì. Òjò àkọ́kọ́ á pò wọ́n pọ̀, kò sì sí táyà tó mọ ìyẹn dì mú. Bákan náà ni irin rélùwéè tó tutù: dojú kẹ̀kẹ́ kọ ọ́ gbọọrọ, má fi ẹ̀gbẹ́ gbà á kọjá. Rọra ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú, torí ojú táyà tuntun ṣì ń yọ̀.

Ṣe: fi èyí tó dára jù sí iwájú. Ẹ̀yìn ló ń tètè jẹ. Àmọ́ bí ẹ̀yìn bá yọ̀, o lè gbà á padà. Bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló kàn. Nítorí náà, gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn, kó o fi tuntun síwájú.

Má ṣe: ra tókùnbọ̀, tàbí "tuntun" tí wọ́n ti fi kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù sínú oòrùn láti ọdún mélòó kan. Oòrùn ń pa rọ́bà. Fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí o bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń ya, fi sílẹ̀.

Ṣe: gé ike ọṣẹ ìfọyín tó ti tán, kó o fi sábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú tíúbù. Bí táyà bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ike náà sáàárín tíúbù àti ibi tó ya, fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kó o rọra wà á délé. Lọ́jọ́ kejì, ra òmíràn.