Ta Ló Ń Ṣọ̀fọ̀, Ta Ló Ń Dárò?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Accra, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fẹ́ kà á sétí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá péjọ láti rántí Cecil Jones Attuquayefio, tó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hearts of Oak ti Accra. Ìlà àkọ́kọ́ rèé: "Ní ọdún 2015 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wàjà, gbogbo alátìlẹ́yìn Hearts of Oak sì ń ṣe ọfọ̀."

Ẹ̀rín pa mí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "wàjà" kúrò lọ́nà. Ọba nìkan ló ń wàjà. Wọ́n ní ó wọ àjà lọ nítorí pé ẹnu ò gbọdọ̀ gbà á pé ọba kú. Baálẹ̀ kì í wàjà, gómìnà kì í wàjà, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í wàjà, bó ti wù kí ife ẹ̀yẹ tó gbà pọ̀ tó. Bí ará Kétu kan bá gbọ́ pé Attuquayefio wàjà, yóò béèrè ìlú tó jọba lé lórí. Fún èèyàn tó kù, a ní "jáde láyé", a ní "papòdà", a ní "di olóògbé". Inú òògbé ni olóògbé ti wá: ẹni tó kàn tòògbé lọ díẹ̀ ni. Papòdà nìkan ni mo máa ń ṣọ́ra fún nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù. Pípa ipò dà ni iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láti sáà dé sáà. Òní ẹgbẹ́ yìí, ọ̀la ẹgbẹ́ yẹn. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló pààrọ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ má baà ṣubú lulẹ̀ nígbà tó bá ka ìwé ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ "ọfọ̀" ló dùn jù. Ọ̀fọ̀ tí a ń ṣe nígbà tí èèyàn wa bá kú, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì ló ní. Bí ẹ bá gbé ohùn àkọ́kọ́ sókè sí àárín, ó di ọfọ̀, ohun tí babaláwo ń pè. Nítorí náà, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ ni pé odindi alátìlẹ́yìn Hearts kó ara wọn jọ, wọ́n ń pe ọfọ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń fura sí ara wọn nílẹ̀ Áfíríkà yóò gbà á gbọ́ kíákíá. Àwọn Espérance ti Tunis, tí Hearts gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún 2000, ì bá ní, "A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Àmọ́ ká tilẹ̀ ní ó fi àmì tó tọ́ sí i, tó kọ "ṣọ̀fọ̀", mi ò tíì ní gbà fún un. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn akọ̀ròyìn máa ń dà pọ̀: ṣọ̀fọ̀, kẹ́dùn, dárò. Ibi tí kálukú dúró sí níwájú òkú ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gan-an ló ń ṣọ̀fọ̀: opó, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ọmọ ìyá òkú. Ilé ló ti ń ṣe é. Kẹ́dùn ń fẹ́ "bá" níwájú. Alààyè la sì ń bá kẹ́dùn, a kì í bá òkú kẹ́dùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Great Olympics lè bá Hearts kẹ́dùn, orílẹ̀-èdè Benin lè bá Ghana kẹ́dùn. Dárò ní tirẹ̀, ẹni tó lọ náà ló ń gbà sẹ́nu tààrà: à ń dárò rẹ̀. Kò béèrè ìdílé, kò béèrè ogún. Ẹni tó bá ti rántí ohun rere tó wà tẹ́lẹ̀, tí kò sì rí i mọ́, ó lè dárò. Èèyàn tilẹ̀ lè dárò ọjà tó jóná.

Wàyí o, níbo ni alátìlẹ́yìn dúró sí? Ọkùnrin tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ẹgbẹ́ wọn pàápàá. Great Olympics, tí òun àti Hearts jọ wà ní Accra, tí wọ́n sì jọ ń figa gbága, ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ó wà nínú Black Stars, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Ghana, tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis lọ́dún 1965. Ọdún 35 lẹ́yìn náà ó kó Hearts lọ sí Tunis kan náà, wọ́n na Espérance ní 2-1 nílé wọn, wọ́n sì tún nà wọ́n ní 3-1 ní Accra nínú oṣù Kejìlá, ni ife ẹ̀yẹ Champions League bá wọlé. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti gba líìgì Ghana, wọ́n sì ti gba ife FA. Orúkọ ológun ni àwọn èèyàn fún ikọ̀ náà, 64 Battalion. Lọ́dún 2004, ó mú Benin dé ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, ní Tunisia náà ni, bí ẹni pé ìlú yẹn jẹ ẹ́ ní gbèsè. Benin ò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan níbẹ̀. Nàìjíríà ló nà wọ́n kẹ́yìn, 2-1. Mo máa ń ro ohun tí ará Kétu àti ará Sákété, àwọn Yorùbá tó wà ní Benin, ṣe lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìyá méjì ń jà tí ọmọ ò mọ ẹni tí yóò gbè.

Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló mú un lọ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Yorùbá kì í pe irú ìyẹn ní òkú ọ̀fọ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́, àti ti ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ní Ghana aṣọ ló máa ń sọ ọ́: pupa àti dúdú fún ikú tó dun ni wọra, funfun àti dúdú fún àgbà tó gbó. Àwa ń fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tí wọ́n ń fi aṣọ sọ. Nítorí náà, "dárò" ni mo fi dípò ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ.

Ó tún béèrè bí òun yóò ṣe kí bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tẹ̀ lé Hearts láti ìgbà èwe. Ó ti kọ "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" sílẹ̀. Rárá o. Ẹni tó sin òkú ló ni àṣẹ̀yìndè, ẹni tó tún ẹ̀yìn olóògbé ṣe, tó náwó, tó gbàlejò. Alátìlẹ́yìn náà ní ẹ̀yìn nínú orúkọ tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà ayé ni. Ó ti akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́yìn nígbà tó wà ní pápá. Ìkíni tó bá a mu ni ti àwọn tó ti máa ń ríra wọn, tí wọn ò ríra mọ́:

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Bàbá."

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ọ̀fọ̀ ò ní ṣẹ̀ wá."

Ká má gbàgbé "tẹ́lẹ̀rí". Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò lò ó, ó sì yẹ kó lò ó, nítorí Attuquayefio ò sí nídìí iṣẹ́ Hearts mọ́ nígbà tó kú. Ipò ni tẹ́lẹ̀rí ń bá lọ. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó wá ń sọ pé "ìyàwó mi tẹ́lẹ̀rí", ti kọ obìnrin náà sílẹ̀ nínú sàréè.

Ìlà rẹ̀ ti wá di báyìí: "Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Cecil Jones Attuquayefio, akọ́nimọ̀ọ́gbá Hearts of Oak tẹ́lẹ̀rí, jáde láyé. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà ń dárò rẹ̀ títí dòní."

Ó ku ìparí ìwé náà. Hearts ní ọ̀rọ̀ ìwúrí kan lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mẹ́nu ba ikú àti eegun tó jẹrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Ẹ má sọ pé ẹ kú títí eégún yóò fi jẹrà." Ikú inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kì í ṣe ikú rárá; ohun tí Yorùbá ń pè ní jíjuwọ́ sílẹ̀ ni. Mo bá kọ ọ́ sí i pé: "A ò ní juwọ́ sílẹ̀, àfi bí eegun wa bá jẹrà tán." Ó ní ó dùn létí òun, òun yóò kà á bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ohùn orí "eegun" yẹn dán wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó dìde láàárín èèyàn. Bàbá kan tí wọ́n ń gbé eégún nílé rẹ̀ lè wà níjokòó níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ pé ará ọ̀run ti jẹrà.